Ẹnu àti Ọkàn: Ọ̀rọ̀ lórí Ìtọ́jú Eyín fún Àwọn tí Ilẹ̀kùn Ọkàn Wọn Ní Àbùkù



Olúwa wa kọ́ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ pé ohun tí ń ti ẹnu ènìyàn jáde, inú ọkàn rẹ̀ ni ó ti ń wá. Ẹ̀kọ́ yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ń bẹ láàrin ẹnu àti ọkàn, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu tí ó sì parí sí ọkàn. Nípa rẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọkàn tí a ń wí níhìn-ín kì í ṣe èyí tí a fi ń gbàgbọ́, bí kò ṣe ẹran ara náà gan-an, tí kò tóbi ju ìkúùkù àgbàlagbà lọ, tí ń lù kìkì ní àyà wa tọ̀sán-tòru. Ìdọ̀tí inú ẹnu lè gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ibẹ̀, ó sì lè pa ènìyàn.

Ohun tí ó mú wa yan ọ̀rọ̀ yìí ni ikú arábìnrin kan nínú ìjọ tí a ti sìn rí. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti ní àìsàn ilẹ̀kùn ọkàn. Eyín rẹ̀ kan ti jẹrà, erìgì rẹ̀ a sì máa ṣẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kò ka èyí sí nǹkan. Nígbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbóná ní ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́, gbogbo wa ni a pè é ní ibà lásán. Ó lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta. Ibà náà a rọlẹ̀, a sì tún padà. Àwa náà bẹ̀ ẹ́ wò, a gbàdúrà, a sì rọ̀ ọ́ kí ó ní sùúrù. Ní ọ̀sẹ̀ keje ni a tó gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Àdúrà wa kò burú. Àìmọ̀ wa ni ó burú. Kí irú rẹ̀ má baà tún bá ẹlòmíràn ni a ṣe ń sọ èyí ní gbangba.

I. Ilẹ̀kùn mẹ́rin inú ọkàn

Ọlọ́run dá yàrá mẹ́rin sínú ọkàn, ó sì fi ilẹ̀kùn mẹ́rin ṣọ́ ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Iṣẹ́ wọn dàbí ti fáàfù tí ó wà lára táyà kẹ̀kẹ́, tí ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí ó padà jáde. Láàrin ọjọ́ kan ṣoṣo, olúkúlùkù wọn a máa ṣí, a sì máa tì, ní ìwọ̀n ìgbà 100,000. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá jọ̀lọ̀ tí wọ́n sì pé, ẹ̀jẹ̀ a máa ṣàn kọjá lára wọn wẹ́rẹ́, ó sì ṣòro fún ohunkóhun láti lẹ̀ mọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyí lè bàjẹ́. A bí àwọn ènìyàn mìíràn pẹ̀lú àbùkù lára tiwọn. Ti àwọn mìíràn a máa le nígbà ogbó. Ní ilẹ̀ tiwa, àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí òṣì wà, ọ̀kan nínú àwọn olórí ohun tí ń ba ti ọmọdé àti ti ọ̀dọ́ jẹ́ ni àrùn kan tí ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀fun. Ọ̀fun a máa dun ọmọ, pàápàá ẹni ọdún 5 sí 15. Bí a kò bá fi pẹnisílínì tọ́jú rẹ̀, ibà a dìde lára àwọn ọmọ díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta; oríkèé wọn a wú, ìrora a sì máa ṣí kiri láti orúnkún lọ sí ọrùn-ẹsẹ̀, láti ọrùn-ẹsẹ̀ lọ sí ìgbọ̀nwọ́. Oríkèé a sàn láìfi àmì sílẹ̀. Ọkàn ni kì í gbàgbé. Ilẹ̀kùn rẹ̀ a ní àpá, a sún kì, kò sì ní lè ṣí tàbí kí ó tì dáradára mọ́.

Ọgbọ́n ènìyàn ti rí ọ̀nà láti pààrọ̀ ilẹ̀kùn tí ó bàjẹ́. Ní ọdún 1960, ní ìlú Portland ní Amẹ́ríkà, dókítà Albert Starr fi ilẹ̀kùn tí òun àti Lowell Edwards, onímọ̀ ẹ̀rọ, jùmọ̀ ṣe sínú ọkàn aláìsàn. Ní ọdún 1974 ni a kọ́kọ́ ṣí ọkàn ènìyàn ṣe iṣẹ́ abẹ ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì tí ó wà ní Enugu. Lónìí, àwọn tí ó ní irú ilẹ̀kùn àfọwọ́ṣe bẹ́ẹ̀ ní àyà lè máa jókòó láàrin wa nínú ìsìn láìjẹ́ pé a mọ̀. Ẹ̀bùn ńlá ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe kò jọ̀lọ̀ tó èyí tí Ọlọ́run dá, kòkòrò àrùn a sì tètè máa lẹ̀ mọ́ ọn.

II. Bí kòkòrò ti ń gba ẹnu dé ọkàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Ikú ilé ni ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ẹnu gbogbo wa ni àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ń gbé. Àwọn onímọ̀ ti ka irú wọn tó ìwọ̀n 700. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í pa wá lára níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá wà ní ààyè wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá jẹun tí a kò fọ ẹnu, wọn a pọ̀ sí i, wọn a sì di èérí tí ń lẹ̀ mọ́ eyín bí oje igi. Bí èérí náà bá pẹ́ níbẹ̀, a gan bí òkúta sí ìdí eyín. Erìgì a pọ́n, a wú, a sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti lè jáde, ibẹ̀ náà ni kòkòrò lè gbà wọlé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìgbà tí a bá ń yọ eyín nìkan ni èyí lè ṣẹlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí erìgì rẹ̀ kò dá, bí ó bá ń jẹ ẹran, bí ó bá ń rin orín, àní bí ó bá ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹnu, kòkòrò díẹ̀ lè yọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nínú ẹni tí ọkàn rẹ̀ pé, àwọn ọmọ-ogun tí Ọlọ́run fi sínú ẹ̀jẹ̀ a pa wọ́n run láìpẹ́, onítọ̀hún kò sì ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n lára ilẹ̀kùn tí ó ní àpá, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn geere. A máa rú bí omi odò tí ó bá àpáta pàdé, ẹ̀jẹ̀ dídì kéékèèké a sì máa so mọ́ ibẹ̀. Inú rẹ̀ ni kòkòrò ń sá pamọ́ sí. Wọn a bí sí i níbẹ̀, wọn a fi ẹ̀jẹ̀ dídì mìíràn bo ara wọn bí aṣọ, yóò sì ṣòro fún àwọn ọmọ-ogun ẹ̀jẹ̀ láti dé ọ̀dọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe máa jẹ ilẹ̀kùn náà díẹ̀díẹ̀, bí ikán ti ń jẹ òpó ilé. Nígbà mìíràn ègé kan a já kúrò lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a gbé e lọ sí ọpọlọ, apá kan ara aláìsàn a sì rọ lójijì.

III. Bí a ti ṣe mọ èyí

Kì í ṣe ọjọ́ kan ni a mọ gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Ní ọdún 1885, William Osler, oníṣègùn ará Kánádà, sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta fún àwọn dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù nípa àrùn yìí. Ó fi yé wọn pé ilẹ̀kùn tí ó ti ní àbùkù tẹ́lẹ̀ ni ó sábà máa ń mú. Ní 1909, Thomas Horder, oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tọ́ka sí ẹnu gẹ́gẹ́ bí ibi tí kòkòrò náà lè ti wá. Ní 1935, Okell àti Elliott gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ènìyàn ní kété tí a yọ eyín wọn. Wọ́n rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, pàápàá jùlọ àwọn tí erìgì wọn ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn ẹnì kan. Gustav Mahler jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ orin, orúkọ rẹ̀ sì kàn ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà. Ní 1907 ni àwọn dókítà sọ fún un pé ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ ní àbùkù. Ní oṣù Fẹ́búárì 1911, ní New York, ibà mú un. Síbẹ̀ ó lọ darí orin níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìgbà ìkẹyìn rẹ̀ sì ni. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì rí kòkòrò tí a ń pè ní Streptococcus nínú rẹ̀. Ìdílé kòkòrò yìí ni púpọ̀ nínú àwọn tí ń gbé ẹnu àti ọ̀fun wà. Ìmọ̀ kò wọ́n wọn. Oògùn ni kò sí. Wọ́n gbé e gun ọkọ̀ ojú omi lọ sí Paris, wọ́n sì gbé e láti ibẹ̀ lọ sí Vienna, níbi tí ó kú sí ní ọjọ́ 18 oṣù Máàyù ọdún náà, kí ó tó pé ẹni ọdún 51. Ní ayé ìgbà náà, ẹni tí àrùn yìí bá mú, àfi kí a máa retí òpin rẹ̀.

Ní 1928 ni Alexander Fleming ṣàwárí pẹnisílínì, ṣùgbọ́n ó di 1944 kí dókítà Leo Loewe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brooklyn tó ròyìn aláìsàn méje tí wọ́n fi í tọ́jú, tí àrùn náà sì fi wọ́n sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìrètí ti dé. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tan ara wa jẹ: títí di òní, níbi tí ìtọ́jú ti pé pàápàá, nínú ènìyàn márùn-ún tí àrùn yìí bá gbé dé ilé ìwòsàn, ìwọ̀n ẹnì kan ni kì í padà wá sí ilé.

IV. Ti oògùn tí a ń lò ṣáájú ìtọ́jú eyín

Nígbà tí a ti rí pẹnisílínì, àwọn dókítà rò pé bí a bá ti fún aláìsàn ọkàn ní oògùn kí a tó yọ eyín rẹ̀, ewu ti kọjá. Ní ọdún 1955, American Heart Association, ẹgbẹ́ tí ń rí sí ọ̀ràn ọkàn ní Amẹ́ríkà, gbé ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a sì fi fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní oògùn náà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a yẹ ọ̀ràn náà wò fínnífínní, a rí i pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ènìyàn ń yọ eyín, nígbà tí oúnjẹ jíjẹ àti ẹnu fífọ̀ kò ní ìsinmi. Ta ni ó lè máa lo oògùn kí ó tó jẹ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan? A tún rí i pé oògùn tí a ń lò láìnídìí a máa kọ́ àwọn kòkòrò ní agídí, tí agbára oògùn kò fi ní ká wọn mọ́. Nítorí náà ní 2007 ẹgbẹ́ kan náà dín àwọn tí ó yẹ kí ó lò ó kù. Àwọn ni: ẹni tí a fi ilẹ̀kùn àfọwọ́ṣe sí ní ọkàn, tàbí tí a fi ohun àfọwọ́ṣe tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe, ẹni tí àrùn yìí ti mú rí, àwọn kan nínú àwọn tí a bí pẹ̀lú àbùkù ọkàn, àti ẹni tí a fi ọkàn ẹlòmíràn rọ́pò tirẹ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì tún bàjẹ́. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń lò, ní ìṣẹ́jú 30 sí 60 ṣáájú kí a tó yọ eyín tàbí kí a tó ṣiṣẹ́ ní ìdí erìgì. Dókítà ni yóò kọ ọ́ fún un. Kì í ṣe ohun tí a ń dá rà.

Ní 2008, àjọ NICE ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ní kí a má ṣe fún ẹnikẹ́ni mọ́ nítorí ìtọ́jú eyín. Ní 2016 ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ, ó ní kí a má ṣe é gẹ́gẹ́ bí àṣà, èyí tí ó fi àyè sílẹ̀ fún ìpinnu dókítà. Ẹni tí àrùn ọ̀fun ba ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ jẹ́, tí a kò sì tíì pààrọ̀ rẹ̀, kò sí nínú àkọsílẹ̀ ti 2007. Ṣùgbọ́n ní Ọsirélíà wọ́n ń ka àwọn kan nínú irú wọn mọ́ ọn. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bi dókítà rẹ̀ léèrè. Abẹ́rẹ́ pẹnisílínì tí ó ń gbà lóṣooṣù, ti àrùn ọ̀fun ni. Kì í dáàbò bo ọkàn lọ́wọ́ kòkòrò ẹnu.

Ẹ kíyè sí i, ará: àwọn ọlọ́gbọ́n yìí ń jiyàn lórí oògùn, ṣùgbọ́n lórí ohun kan wọn kò jiyàn rárá. Gbogbo wọn gbà pé ẹnu tí ó mọ́ lójoojúmọ́ ṣe pàtàkì ju oògùn ọjọ́ kan lọ. Orí èyí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dúró lé.

V. Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Èkínní, kí a máa fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú méjì, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tí kò le àti ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fluoride. Àwọn bàbá wa kò fẹ́ kí ọmọ kí àgbà ní òwúrọ̀ kí ó tó fọ ẹnu, wọ́n sì ṣe dáradára. Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀. A jẹ ẹ̀bà àti ẹran ní alẹ́, a sì bá wọn sùn. Ní òru, itọ́ tí ń fọ ẹnu a dínkù, àwọn kòkòrò a sì ráyè. Fífọ ti alẹ́ ni a kò gbọdọ̀ pa jẹ.

Èkejì, kí a má ṣe kẹ́gàn orín. Ní ọdún 1971, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí a ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, tẹ ìwádìí wọn jáde pé omi ara àwọn orín wa, tí orín ata wà lára wọn, a máa dojú ìjà kọ kòkòrò. Ṣùgbọ́n kí a rún un títí yóò fi rọ̀, kí a má sì fi gún erìgì. Kí ó sì dé ẹ̀yìn eyín àti eyín ọ̀kánkán, kì í ṣe iwájú tí àwọn ènìyàn ń rí nìkan. Funfun ni iyì eyín lóòótọ́, ṣùgbọ́n eyín lè funfun kí ìdí rẹ̀ sì ti jẹrà.

Ẹ̀kẹta, bí erìgì bá ń ṣẹ̀jẹ̀, kí a má ṣe tìtorí rẹ̀ dẹ́kun fífọ ẹnu. Ẹ̀jẹ̀ náà ni ìkìlọ̀ pé èérí ti pọ̀ níbẹ̀. Kí a fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, kí a sì lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín.

Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe dúró de ìrora. Ẹni tí ó ní ilẹ̀kùn àfọwọ́ṣe, tàbí tí àrùn yìí ti mú rí, kí ó jẹ́ kí oníṣègùn eyín wo ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Kí àwọn yòókù tí ilẹ̀kùn ọkàn wọn ní àbùkù lọ lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán. Ẹni tí a sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ilẹ̀kùn ọkàn fún, kí ó tún eyín rẹ̀ ṣe ṣáájú ọjọ́ náà.

Ẹ̀karùn-ún, kí a má ṣe fi àìsàn ọkàn pamọ́ fún oníṣègùn eyín. Àwọn kan ń tijú. Àwọn kan rò pé ẹnu kò kan ọkàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ní ilẹ̀kùn àfọwọ́ṣe ni ó sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Kí wọ́n má ṣe dá a dúró fúnra wọn nítorí eyín yíyọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè dì sára ilẹ̀kùn náà. Dókítà ni yóò sọ bí a ó ti ṣe é.

Ẹ̀kẹfà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi okùn tàbí irin yọ eyín yín ní ìdí ilé. Ẹ sì dín ohun dídùn kù lẹ́nu àwọn ọmọ. Àwa olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi pàápàá, súìtì tí a fi ń tu ọmọ nínú, ihò ni ó ń gbẹ́ sí eyín rẹ̀.

VI. Àmì tí a kò gbọdọ̀ fojú fò

Bí ẹni tí ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ ní àbùkù bá ní ibà tí kò lọ, tàbí tí ó lọ tí ó sì padà. Bí òógùn bá ń bò ó ní òru. Bí ó bá ń rù, tí àárẹ̀ sì mú un. Bí kò bá lè mí dáradára bí ti tẹ́lẹ̀, kí ó má ṣe máa ti oògùn kan bọ́ sí òmíràn. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì sọ ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀ fún dókítà kí dókítà tó béèrè. Wọn yóò wò bóyá ibà ẹ̀fọn ni. Wọn yóò sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nígbà púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, láti wá kòkòrò inú rẹ̀. Ó yẹ kí a gba ẹ̀jẹ̀ yìí kí ó tó lo oògùn tí ń pa kòkòrò. Ẹni tí ó bá ti gbé hóró díẹ̀ mì láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò, kòkòrò rẹ̀ kò kú, ṣùgbọ́n ó ti sá pamọ́, dókítà a sì máa wá a lásán. Bí a bá tètè rí i, oògùn tí a ń fi sí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà a máa wo ọ̀pọ̀ sàn. Àwọn mìíràn a tún nílò iṣẹ́ abẹ.

Bí a bá ti mọ èyí nígbà náà, ọ̀sẹ̀ kejì ni à bá ti gbé arábìnrin wa lọ, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ keje. Bí a bá sì ti mọ̀ ọ́n ṣáájú ìgbà náà, ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín ni à bá ti rán an lọ, nígbà tí erìgì rẹ̀ kọ́kọ́ ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù, ti ìjọ ni. Ẹnikẹ́ni lè sọ pé, “Owó dà?” Òótọ́ ni pé ìtọ́jú eyín ń ná ni lówó, púpọ̀ nínú àwọn tí ọ̀ràn yìí kàn kò sì ní in. Ṣùgbọ́n nígbà tí arábìnrin náà kú, ẹgbẹ́ rẹ̀ dáwó, wọ́n dá aṣọ, wọ́n sì se oúnjẹ fún àlejò. Díẹ̀ nínú owó náà ìbá ti tó láti tún eyín rẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ wádìí ẹni tí ó ní àìsàn ọkàn láàrin yín, kí ẹ sì bi í léèrè ìgbà tí oníṣègùn eyín wo ẹnu rẹ̀ kẹ́yìn. Bí kò bá ní owó, ẹ dá a fún un nígbà tí ó wà láàyè. Ẹ jẹ́ kí a ná an lórí eyín, kí a má baà ná an lórí pósí.

Kí Olúwa, ẹni tí ó dá ẹnu tí ó sì dá ọkàn, fún wa ní ọgbọ́n láti tọ́jú méjèèjì. Àmín.